Ìpara Tí Wọ́n Fi Pa Láptọ́ọ̀pù Mi

Àwọn tí mo gbé láptọ́ọ̀pù mi fún pé kí wọ́n bá mi tún un ṣe fi ìpara ẹ̀fọ́rí pa á lọ́pọlọ, wọ́n dì í padà, wọ́n gba owó iṣẹ́, wọ́n sì ní èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n lò.

Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wá àṣìṣe: àwọn atẹ̀wé ń fi ìwé ránṣẹ́ sí mi kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kí n lè bá wọn rí ibi tí àmì ti sọnù àti ibi tí ọ̀rọ̀ kan ti yí padà di òmíràn. Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kì í tètè gbàgbé ohun tó bá fojú rí, kò sì ní gbà kí wọ́n fi "ẹ má bínú" bo nǹkan mọ́ òun lójú. Mo ti gbọ́ "ẹ má bínú" tó. Ìdáhùn ni mo ń wá.

Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin nìkan ni ìyá wa bí. Ilé ẹbí wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí wa sí, ibẹ̀ ni mo sì wà títí dòní. Òun ti lọ sí ìlú òtútù, ó ń to ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí kan níbẹ̀. Lẹ́yìn tí ìyá wa kú, ọ̀rọ̀ yàrá tí wọ́n fi sílẹ̀ dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa méjèèjì. Mi ò ní tú ìjà náà síbí, òun kọ́ ni mo wá rò. Àmọ́ láti ìgbà náà, bó bá pè mí lórí fóònù, a máa ń kí ara wa bí àwọn tó pàdé ní báńkì. "Ṣé dáadáa ni?" "A dúpẹ́." "Òtútù ńkọ́?" "Ó wà ńbẹ̀." Ó parí nìyẹn.

Bọ́ọ̀lù nìkan ló ń ṣí wa lẹ́nu. Géèmù bọ́ọ̀lù ni, ti orí kọ̀ǹpútà. Ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, èmi á jókòó síwájú láptọ́ọ̀pù mi, òun náà á jókòó síwájú tirẹ̀, a ó gbé nǹkan ìgbọ́rọ̀ kọ́ etí, a ó máa gbá bọ́ọ̀lù fún ara wa láti òkè òkun. Nígbà tí ojú ẹni bá ń lé bọ́ọ̀lù, ẹnu a máa gbàgbé pé òun ń bínú. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ẹ̀yìn ń dùn ún níbi iṣẹ́. Ibẹ̀ ni òun ti gbọ́ pé òjò ti ń wọ igun yàrá Màámi. Bí ẹnìkan bá sọ pé eré ọmọdé ni mò ń bá láptọ́ọ̀pù ṣe, ẹ bá mi wo ẹni náà dáadáa, kò ní àbúrò.

Láptọ́ọ̀pù yìí ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Bí mo bá ń ka ìwé àwọn atẹ̀wé lórí rẹ̀, ó tutù, ó dákẹ́. Tí mo bá ti ṣí géèmù, á kọ́kọ́ sáré bó ṣe yẹ, láìpẹ́ fáànù inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹ̀rọ ìlọta, ibi tí mo ń tẹ̀ á máa jó mi níka, àwọn agbábọ́ọ̀lù mi á wá máa rìn bí ẹni tó ń la omi kọjá. Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ á ṣú dùdù.

Ẹ wo ìyà tó wà nínú rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ eré, nígbà tí láptọ́ọ̀pù bá ṣì tutù, ni mo máa ń jẹ góòlù. Ìparí eré, nígbà tó bá ti gbóná, ni àbúrò mi máa ń lé mi bá. Ìgbà tó bá kù díẹ̀ kó nà mí gan-an ni ẹ̀rọ mi máa ń kú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tún ti sá," ló wí lọ́jọ́ kan tí mo tàn án padà.

"Mi ò sá. Láptọ́ọ̀pù ló gbóná."

"Kí ló dé tí kì í gbóná nígbà tí ẹ bá ń jẹ mí?"

"Torí pé ìbẹ̀rẹ̀ ni mo máa ń jẹ ọ́."

"Haa. Láptọ́ọ̀pù yín mọ èsì eré. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tó ń sá nínú bọ́ọ̀lù. Ká ní Màámi wà, ojú ì bá tì wọ́n." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ìsàlẹ̀. "Tí ẹ bá tún sá, mi ò gbá mọ́ o. Ibi iṣẹ́ ni mo ti ń bọ̀. Mo ní oorun tí mo lè sùn."

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò gbìyànjú. Mo gbé láptọ́ọ̀pù kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì nítorí fóòmù ń dí i nímú. Mo gbé e ka orí ègé táìlì tó ṣẹ́ kù nígbà tí a tún balùwẹ̀ ṣe, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè gba abẹ́ rẹ̀. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì àtíkè gbá eruku ihò rẹ̀. Mo pa gbogbo ohun tó ń ṣiṣẹ́ ní ìkọ̀kọ̀ nínú rẹ̀. Mo dín ẹwà géèmù náà kù títí koríko pápá fi di kápẹ́ẹ̀tì, tí àwọn òǹwòran sì di páálí. Mo kọjú fáànù yàrá sí i, èmi fúnra mi ń làágùn. Táílọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní kí n gbé píọ̀ wọ́tà tó ti dì sí i nídìí. Mo bi í bóyá òun lè jókòó lórí yìnyín.

"Tó bá jẹ́ èmi ni mò ń gbóná," ó fèsì, "mo máa jókòó lé e."

Mi ò gbé e sí i, torí yìnyín á yọ́, omi á sì wọ inú ẹ̀rọ. Mo gbé láptọ́ọ̀pù náà lọ sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Adéníji Adélé, ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin méjì tó jọ ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní ọ̀gá, ó gùn, ó tín-ín-rín, ọ̀fìnkìn dí i nímú lọ́jọ́ náà débi pé ohùn rẹ̀ ń gba ọ̀nà mìíràn jáde. Alájọṣe rẹ̀ jókòó sí igun, ó ń jẹ ẹ̀pà.

"Àǹtí, kí lẹ ń fi ṣe?" ọ̀gá bi mí.

"Iṣẹ́. Àti géèmù."

Alájọṣe rẹ̀ gbójú sókè. "Géèmù ọmọ yín?"

"Géèmù tèmi."

"Ọkọ yín ńkọ́?"

"Kò sí nínú láptọ́ọ̀pù náà."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì mú un. N kò ní parọ́ mọ́ ọn: ó mọ ohun tó ń ṣe láptọ́ọ̀pù mi, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké. Ó ní irin kan wà lórí ọpọlọ rẹ̀ tó ń fa ooru jáde, ìpara sì wà láàárín irin àti ọpọlọ tó ń jẹ́ kí ooru kọjá. Bí ìpara náà bá ti gbẹ, ooru á há. Ìwé kíkà kì í mú ọpọlọ rẹ̀ sáré, géèmù ló ń mú un sáré. Tó bá gbóná jù, á rọra máa rìn kó má bàa jóná. Tí kò bá rí ìtura, á pa ara rẹ̀. "Ìpara rẹ̀ ló ti gbẹ," ó wí. "Ẹ fi sílẹ̀ títí di Jímọ̀."

Bó ti ń sọ̀rọ̀ ló fa dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀ ṣí láìwò ó, ó mú agolo ìpara kékeré kan, irú èyí tí àwọn ìyá wa máa ń fi pa orí. Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó fi pa ẹ̀bátí méjèèjì. "Orí ń fọ́ mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá," ó wí. "Ìpara yìí náà, ayédèrú ni. Ìpara tó yẹ kó máa ta èèyàn bí ata, kò ta rárá. Gbogbo nǹkan ti bàjẹ́ ní ìlú yìí." Mo rí i pé ẹ̀bátí rẹ̀ ń dán, ó sì ní àwọ̀ eérú. Mo rò pé eruku iṣẹ́ ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àwọ̀ eérú yẹn sọ́kàn.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọ̀gá kò tíì dé láti mọ́ṣáláṣí nígbà tí mo débẹ̀. Alájọṣe rẹ̀, tó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ ní tirẹ̀, ló wà nídìí iṣẹ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé láptọ́ọ̀pù lé mi lọ́wọ́ bí ẹni gbé ìkókó fún ìyá rẹ̀.

"Ó ti di tuntun, Àǹtí. Ọ̀gá ní kí n fi ìpara inú dúrọ́ọ̀ sí i, mo sì fi sí i dáadáa. Mi ò ṣahun."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń dùn mí títí dòní pé mo dúpẹ́.

Ní Sọ́ńdè, a bẹ̀rẹ̀ eré. Àbúrò mi wà nínú ayọ̀, inú èmi náà sì ń dùn. Mo jẹ góòlù kan, mo jẹ ìkejì. Ìgbà tí fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í ké ni òórùn kan gbòde nínú yàrá, ó mú, ó ń ta mí lójú. Kí n tó mọ ohun tó jẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ti ṣí ilẹ̀kùn. Àlájà la ń pè wọ́n, wọ́n ń ta tùràrí àti lọ́fínńdà ní ọjà Jankara, yàrá wọn ló kángun sí tèmi, imú wọn kì í sùn.

"O tún ti lọ mú ìpara mi."

"Àlájà, mi ò mú nǹkan kan."

"Ìpara tí mo fi ń pa orúnkún. Ó ń rùn káàkiri ilé."

"Àlájà, ẹ jọ̀ọ́, mò ń gbá bọ́ọ̀lù."

"Ìdí nìyẹn tí orúnkún fi ń dùn ọ́ tó o fi ń jí ìpara mi." Wọ́n wo abẹ́ ìrọ̀rí mi. Àbúrò mi ti gbọ́ ohùn wọn nínú ẹ̀rọ etí, ó ń fi mí rẹ́rìn-ín, ó ń ní kí n kí Àlájà, kí n sì dá ìpara wọn padà. Ó pẹ́ tí a ti rẹ́rìn-ín báyẹn. Àlájà lọ, wọ́n ń kùn.

Láàárín ìyẹn, àbúrò mi ti jẹ góòlù méjì, a ti di ọgbọọgba. Àwọn agbábọ́ọ̀lù mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í la omi kọjá. Ọ̀kan nínú wọn gbá agbábọ́ọ̀lù àbúrò mi lẹ́sẹ̀ nítòsí ojú ilé mi, rẹfirí fún àbúrò mi ní pẹnárítì. Ó gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, kò sì tètè gbá a. Ó wá sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ní ti yàrá Màámi yẹn, mo ti rò ó pé..."

Ó ṣú dùdù.

Mo tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ títí, kò dáhùn. Ìdí rẹ̀ gbóná bí páànù àkàrà. Nígbà tó fi gbà láti tàn, àbúrò mi ti kúrò níbẹ̀. Mo pè é, kò gbé e. Ó kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú ránṣẹ́ sórí fóònù mi: "Mo dárúkọ yàrá, ẹ pa ẹ̀rọ. Mo ti gbọ́ ìdáhùn yín. Ẹ kú eré sísá."

Kí ẹni tó bá lójú ka ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó rò pé mo sá fún pẹnárítì, ó sì tún rò pé mo sá fún òun.

Mo pe ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Alájọṣe ló gbé e.

"Àǹtí, géèmù yẹn ló wúwo jù. Ẹ kúkú máa fi láptọ́ọ̀pù yín ka Bíbélì."

"Mùsùlùmí ni mí."

"Ẹ fi ka Kùránì nígbà náà. Kò ní gbóná."

Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀gá wà níbẹ̀, ọ̀fìnkìn ti fi í sílẹ̀. Kó tó fọwọ́ kan láptọ́ọ̀pù náà rárá, ó ti dájọ́ pé yàrá mi ni kò ní atẹ́gùn. Mo bi í bóyá ó ti dé yàrá mi rí. Ó ní gbogbo yàrá Ìsàlẹ̀ Èkó ló mọ̀. Mo sọ fún un pé inú yàrá Ìsàlẹ̀ Èkó yẹn náà ni mo ti ka ìwé wọ fásitì, n kò sì gbóná. "Ẹ tú u lójú mi," mo wí, mo sì fa àga jókòó.

Ó tú u. Ó gbé irin náà kúrò lórí ọpọlọ, òórùn ìpara bo gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Nǹkan tí wọ́n fi síbẹ̀ ti yọ́ bí òrí tí wọ́n gbé sórí iná, ó ti ṣàn lọ sí ẹ̀gbẹ́, orí ọpọlọ fúnra rẹ̀ gbẹ háúháú. Ọ̀gá fi imú fa afẹ́fẹ́, ó tún fà á. Ó fa dúrọ́ọ̀ ṣí, ó sì wò ó lọ́tẹ̀ yìí.

Agolo méjì ló wà níbẹ̀, ìkan náà ni wọ́n, àwòrán kan náà ló wà lórí wọn. Nígbà náà ni mo gbọ́ àṣà iṣẹ́ wọn. Ike ńlá ni wọ́n fi ń ra ìpara kọ̀ǹpútà, wọ́n á wá bù ú sínú agolo ìpara ẹ̀fọ́rí tí ọ̀gá bá ti lò tán, torí ó rọrùn láti ti ìka bọ̀. Wọn kì í kọ nǹkan sí i lára. Ó ṣí ọ̀kan, ohun tó wà nínú rẹ̀ ní àwọ̀ eérú. Ó ṣí ìkejì, ó funfun, àmì àtàǹpàkò wà nínú rẹ̀, ibi tí ẹni tí kì í ṣahun ti wa á.

Ọ̀gá rọra gbé ọwọ́ lé ẹ̀bátí rẹ̀.

"O ò rí i lójú mi?" ó bi alájọṣe rẹ̀. "O jókòó tì mí lójoojúmọ́, o ò rí i?"

"Mo rí i," ìyẹn fèsì. "Mo rò pé ewú ni."

"Òórùn tí o gbọ́ nígbà tí ò ń fi í sí láptọ́ọ̀pù obìnrin yìí ńkọ́?"

"Mo rò pé orí yín ni."

Ní ọjọ́ mìíràn, ọ̀rọ̀ yẹn ì bá pa mí lẹ́rìn-ín. Wọ́n nu ọpọlọ láptọ́ọ̀pù mi mọ́, wọ́n fi ìpara tó tọ́ sí i, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ṣe é, díẹ̀ tín-ín ló fi sí i. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n má bínú, pé àṣìṣe èèyàn ni. Mo ní kò burú, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́: kí ó gbohùn ara rẹ̀ sórí fóònù mi, kí ó sọ fún àbúrò mi ohun tí wọ́n bá nínú láptọ́ọ̀pù yìí, torí bí èmi bá sọ ọ́, kò ní gbà mí gbọ́. Ta ló fẹ́ gbà gbọ́? Bí ẹnìkan bá sọ fún mi pé ìpara ẹ̀fọ́rí ni kò jẹ́ kí òun gba pẹnárítì, èmi náà máa ní ó ń purọ́.

Ọ̀gá wo fóònù náà bí ẹni tí mo na ejò sí.

"Àǹtí, ẹ fẹ́ kí n sọ ọ́ lóhùn ara mi pé mo ń fi ìpara kọ̀ǹpútà pa orí? Kí ó wá gbé e káàkiri? Mo ní oníbàárà."

"Èmi ní àbúrò."

"Ẹ má bínú, Àǹtí."

Alájọṣe rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀pà.

Láptọ́ọ̀pù náà ti tutù báyìí. Mo ń ṣí géèmù ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, mo ń fi sílẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, fáànù rẹ̀ kò ké, koríko ti padà di koríko. Apá kan pápá ló ṣófo. Àlájà ti rí ìpara wọn nínú àpò aṣọ ìrun, wọn kò tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n wọ́n ń wá jókòó tì mí nígbà mìíràn, wọ́n ń bi mí pé ọmọ náà kò tíì dé?

Nítorí náà, ẹ̀yin méjì tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn, ẹ mọ ara yín, n kò ní dárúkọ yín. Kí ló dé tí ẹ ń tọ́jú oògùn ẹ̀rọ sínú agolo oògùn èèyàn láìkọ nǹkan sí i lára? Kí ló dé tí ẹni tó gbóòórùn kò fi béèrè? Ọ̀gá, kí ló dé tí ẹ ti dá yàrá mi lẹ́bi kí ẹ tó mú sukudiráfà? Àti èyí tó ju gbogbo wọn lọ, tí mo fẹ́ kí ẹ fi ohùn ara yín dáhùn, kì í ṣe pẹ̀lú "ẹ má bínú": bí ẹ kò bá ní sọ ọ́, ta ni yóò sọ fún àbúrò mi pé mi ò sá?